Bí Leicester Ṣe Bá Ṣọ̀pọ̀ná Jà: Àkọsílẹ̀ Ìlú Kan Tó Kọ Ìbupá Sílẹ̀

Leicester wà ní àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, létí odò Soar, ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n láyé Ọbabìnrin Victoria. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ará ìlú ní 1871, wọ́n tó nǹkan bí 95,000. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá péré, wọ́n ti lé ní 120,000, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ tí ń fi ẹ̀rọ hun ìbọ̀sẹ̀ àti àwọn tí ń ṣe bàtà ń gba òṣìṣẹ́ sí i, tí àwọn ará abúlé àyíká sì ń kó wọlé tọmọtọmọ. Ilé àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí fún mọ́ ara wọn, ilẹ̀ ìlú náà sì tẹ́jú débi pé omi ìdọ̀tí kì í tètè ṣàn lọ. Ní irú ibẹ̀, bí àrùn tó ń ràn bá wọ ojúlé kan, ojúlé kejì kò ní pẹ́ gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ṣọ̀pọ̀ná ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé. Àrùn mìíràn pọ̀ ní Leicester nígbà náà, ṣùgbọ́n orí ṣọ̀pọ̀ná ni ìjọba, ìgbìmọ̀ ìlú, àwọn dókítà àti àwọn òbí ti kọlu ara wọn, láti inú ìjà náà ni ọ̀nà kan sì ti jáde tí gbogbo ayé padà wá ń lò láti dènà àrùn. Títí di òní ni àwọn tó kórìíra abẹ́rẹ́ àjẹsára ń dárúkọ ìlú yìí: wọ́n á ní Leicester kọ ìbupá, Leicester kò sì parun, nítorí náà àjẹsára kò wúlò. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tọ ìtàn náà lẹ́sẹẹsẹ yóò rí i pé iṣẹ́ àṣekára kan wà tí ìlú náà ṣe, owó kan wà tí ó ná, àwọn èèyàn kan tó ti gba ìbupá sì wà tí wọ́n dúró láàárín àwọn aláìsàn àti àwọn tí ara wọn yá. Bí a bá yọ gbogbo ìyẹn kúrò, ìtàn mìíràn ni a ń sọ.

Òfin àti àwọn tó kọ̀ ọ́

Láti 1796 ni Edward Jenner, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi hàn pé ẹni tí wọ́n bá fi oje egbò àrùn màlúù kan tí kò le sí lápá kì í sábà kó ṣọ̀pọ̀ná mọ́; ohun tí wọ́n ń pè ní ìbupá nìyẹn. Ní 1853, òfin pàṣẹ pé gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ní England àti Wales gbọ́dọ̀ gba ìbupá kí ó tó pé oṣù mẹ́ta. Òfin ọdún 1867 tún wá le sí i, nítorí pé ó fàyè gbà á kí wọ́n pe òbí tó bá kọ̀ lẹ́jọ́ léraléra, títí ọmọ náà yóò fi pé ọdún 14. Nígbà tó fi máa di 1871, wọ́n ti pàṣẹ pé kí ìgbìmọ̀ alábòójútó àwọn aláìní ní agbègbè kọ̀ọ̀kan yan òṣìṣẹ́ kan tí yóò máa wá irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ kiri. Owó ìtanràn lè tó 20 ṣílè, èyí tó lè kó gbogbo owó ọ̀sẹ̀ kan lọ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìbọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i san, wọ́n á kó ẹrù ilé rẹ̀ lọ tà ní gbàǹjo. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò bá tó, ẹ̀wọ̀n ni.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn òbí wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀rù òpònú, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ bí ó ti rí. Láti apá ọmọ kan sí apá ọmọ mìíràn ni wọ́n sábà máa ń gbé oje ìbupá lákòókò náà. Dókítà á ní kí ìyá gbé ọmọ rẹ̀ padà wá ní ọjọ́ keje tàbí ìkẹjọ; á tú ibi tó roro ní apá ọmọ náà, á sì ti ibẹ̀ mú oje tí yóò fi bupá fún àwọn ọmọ mìíràn tí àwọn ìyá wọn ti gbé wọn jókòó sílẹ̀. Bí ọmọ àkọ́kọ́ bá ní àrùn kan lẹ́jẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, àrùn náà lè bá ọ̀nà yìí wọ ara àwọn yòókù. Kì í ṣẹlẹ̀ lemọ́lemọ́, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀ rí. Egbò apá náà sì tún lè di kíkẹ̀ tí kò bá sí ìmọ́tótó. Ìyá tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú ọmọ márùn-ún, tó sì ti rí ọmọ aládùúgbò tí apá rẹ̀ wú tó sì kú, kò nílò oníwàásù kankan kí ó tó bẹ̀rù.

Lẹ́yìn náà ni àjàkálẹ̀ ńlá dé. Ogun tó wáyé láàárín ilẹ̀ Faransé àti Prussia ní 1870 sí 1871 tú ṣọ̀pọ̀ná ká gbogbo Yúróòpù, ó sì pa èèyàn tó nǹkan bí 42,000 ní England àti Wales láàárín ọdún díẹ̀. Ní Leicester nìkan, ó pa èèyàn tó lé ní 300. Bẹ́ẹ̀ Leicester kì í ṣe ìlú tó ń kọ ìbupá nígbà náà. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí níbẹ̀ ló ń gbà á. Àwọn tí wọ́n ti bupá fún ní kékeré náà wà lára àwọn tí àrùn mú, nítorí pé agbára ìbupá máa ń dínkù bí ọdún ti ń gorí ọdún, kò sì tíì sí òfin tó ní kí àgbàlagbà tún un gbà. Àlàyé yìí kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú. Ohun tí wọ́n rí ni pé wọ́n ti fi tipátipá bupá fún wọn, wọ́n ti bupá fún ọmọ wọn, ṣọ̀pọ̀ná sì tún wá kó òkú nílé wọn.

Láti ìgbà náà ni ìkọ̀sílẹ̀ ti di ti gbogbo ìlú. Ẹgbẹ́ tó ń tako òfin ìbupá ti wà ní Leicester láti 1869, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àjàkálẹ̀ yìí ni ó gbilẹ̀. Ní ọdún 1881 nìkan, àwọn òbí tí wọ́n pè lẹ́jọ́ lé ní 1,000. Àwọn kan yàn láti lọ sẹ́wọ̀n dípò kí wọ́n sanwó, àwọn aládùúgbò wọn á sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n bí ẹni ń sin akọni. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 1885, ogunlọ́gọ̀ èèyàn kún ìgboro Leicester. Àwọn aṣojú wá láti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, wọ́n gbé àsíá, wọ́n so ère Jenner kọ́ bí ọ̀daràn. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ sọ pé àwọn tó péjọ tó 80,000 sí 100,000. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń tako òfin náà ló wọlé púpọ̀ jù nígbà tí wọ́n dìbò yan ìgbìmọ̀ alábòójútó àwọn aláìní, wọ́n sì dáwọ́ pípe òbí lẹ́jọ́ dúró. Nígbà tí ọdún 1890 kọjá, àwọn ọmọ tuntun tó ń gba ìbupá ní Leicester kò tó 5 nínú 100.

Àwọn dókítà kárí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ń wò wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ló sọ gbangba pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ṣọ̀pọ̀ná yóò wọ ìlú náà tí yóò sì jó o bí iná ọyẹ́.

Ohun tí ìlú náà ń ṣe

Kí ariwo tó dé góńgó rárá ni ẹ̀ka ìlera ìlú ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan láìpariwo. Ní 1877, Dókítà William Johnston, tó jẹ́ igbákejì dókítà ètò ìlera ìlú, bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀nà kan tí àwọn èèyàn padà wá ń pè ní ọ̀nà Leicester. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kan nínú rẹ̀, bí kò ṣe pé wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é kíákíá, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fo ẹnì kankan.

Àkọ́kọ́ ni kí àwọn aláṣẹ gbọ́. Tí aláìsàn bá wà nínú iyàrá tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, kò sí ohun tí ilé ìwòsàn tó dára jù lọ lè ṣe. Nítorí náà, Leicester lọ gba òfin tirẹ̀ ní ilé aṣòfin ní 1879, tó sọ ọ́ di dandan kí wọ́n fi àrùn tó ń ràn tó ìlú létí. Bolton, ìlú olówùú ní Lancashire, ti ṣe irú rẹ̀ ní 1877. Ìgbà tó fi máa di 1889 ni ìjọba orílẹ̀-èdè tó ṣe òfin tí ìlú tó bá wù lè gbà wọlé, ọdún 1899 ló sì tó di dandan níbi gbogbo. Èyí fi hàn pé àwọn ìlú ilé iṣẹ́ ló ṣíwájú, ìjọba ló tẹ̀ lé wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ń rí ní ojúlé kan. Ọkùnrin kan tó ń gé awọ nílé iṣẹ́ bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í ní ibà, ẹ̀yìn ń dùn ún, lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin roro bẹ̀rẹ̀ sí í sú u níwájú orí àti lọ́wọ́. Dókítà tí wọ́n pè wò ó, ó sì ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìlera lọ́jọ́ náà gan-an. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí wá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ibà tí ìlú kọ́ ní àsìkò àjàkálẹ̀ 1871, lórí ilẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Freake's Ground. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó máa ń dé. Á béèrè lọ́wọ́ ìyàwó ilé ẹni tó sun ibẹ̀, ẹni tó wá kí wọn, ilé iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń lọ. Bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ tí kò ṣeé fọ̀, wọ́n á kó wọn lọ sun. Wọ́n á dí fèrèsé àti ihò ìlẹ̀kùn, wọ́n á sì jó imí ọjọ́ nínú yàrá náà kí èéfín rẹ̀ wọ gbogbo kọ̀rọ̀. Àwọn tó bá aláìsàn gbé pọ̀, wọ́n á kó wọn sí àhámọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á máa wò wọ́n lójoojúmọ́ bóyá ibà á mú ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ohun tó mú kí ó ṣeé ṣe ni pé ìlú ń sanwó. Ẹni tí wọ́n sé mọ́, tí kò lè dé ibi iṣẹ́, ìlú á san owó tó pàdánù fún un. Aṣọ tí wọ́n sun, wọ́n á san owó rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí dúró díẹ̀ níbí. Owó ìtanràn 20 ṣílè ni ìjọba fi ń lé òbí lọ gba ìbupá. Ìgbìmọ̀ ìlú ní tirẹ̀ ń fún ìdílé kan náà lówó kí ó lè jókòó sílé láìsí ebi. Ìdí nìyí tí àwọn èèyàn tó so ère Jenner kọ́ lójú pópó kò fi bá òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó jà nígbà tó kan ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n jẹ́ kí ó wọlé, wọ́n dárúkọ àwọn tó wá kí wọn, wọ́n sì tẹ̀ lé e lọ sí àhámọ́. Ètò ìlera tó bá sọ aláìsàn di ọ̀daràn, inú ilé ni àwọn èèyàn á máa fi aláìsàn wọn pamọ́ sí.

Bí ṣọ̀pọ̀ná ṣe máa ń ṣe tún ràn wọ́n lọ́wọ́. Láti ọjọ́ tó bá wọ ara èèyàn, ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ méjìlá kí ibà tó bẹ̀rẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn ẹni náà kì í kó o ran ẹlòmíràn. Àyè wà, nígbà náà, láti wá a rí. Nígbà tó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ràn, ojú rẹ̀ ló ń hàn, kò ṣeé fi bò. Kò sí ẹranko tó ń gbé e kiri, ẹni tó bá sì ti yè é kì í tún máa gbé e káàkiri. Àrùn mìíràn wà tí ọ̀nà Leicester kò lè mú, irú èyí tó ti ń ràn kí aláìsàn tó mọ̀ pé ara òun kò yá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìtàn yìí dájọ́ gbogbo àrùn ní láti kọ́kọ́ rántí èyí.

Kókó kan tún wà tí àwọn tó ń yin Leicester kì í fẹ́ sọ. Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, tó ń fọ aṣọ, tó ń wọ ilé tí àrùn wà, àwọn tó ti gba ìbupá tàbí tí ṣọ̀pọ̀ná ti mú rí ni ìlú ń wá fún iṣẹ́ náà. Ẹ̀ka ìlera sì máa ń fi ìbupá lọ àwọn tó bá aláìsàn gbé, àwọn kan nínú wọn sì ń gbà á. Ìlú kọ ìbupá ọmọdé sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí iná ti ń jó gan-an.

Ìdánwò 1892 sí 1893

Ọjọ́ tí àwọn dókítà ń wí dé ní 1892. Ṣọ̀pọ̀ná ti ń tàn ká ọ̀pọ̀ ìlú England nígbà náà, àwọn alárìnkiri tí kò nílé ló sì ń gbé e láti ìlú dé ìlú, nítorí pé inú ilé ìsùn olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ti ń sùn mọ́ra wọn, tí ilẹ̀ bá sì mọ́, wọ́n á tún gba ọ̀nà ìlú mìíràn lọ. Àwọn ará Leicester ti tó nǹkan bí 180,000, ọmọ tó wà láàárín wọn tí kò gba ìbupá rí sì ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá mẹ́wàá.

Ṣọ̀pọ̀ná wọlé, kò sì jó ìlú náà run. Àwọn tó mú jẹ́ 357, àwọn tó kú jẹ́ 21. Ìlú tó ti pàdánù èèyàn tó lé ní 300 nígbà tí kò tíì tó 100,000, tí ó sì ń gba ìbupá, wá pàdánù 21 nígbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, tí kò sì gbà á mọ́. Sheffield, ìlú alágbẹ̀dẹ irin, ti rí àjàkálẹ̀ tirẹ̀ ní 1887 sí 1888: àwọn tó mú lé ní 6,000, nǹkan bí 600 sì kú, bẹ́ẹ̀ ìbupá wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ó yé mi ìdí tí inú àwọn ẹgbẹ́ atakò ìbupá ní Leicester fi dùn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wọ inú ilé ìwòsàn Leicester lọ, kí a wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lákòókò àjàkálẹ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ yòókù jẹ́ 28. Ṣọ̀pọ̀ná ti mú àwọn kan lára wọn rí, àwọn kan ti tún ìbupá gbà tẹ́lẹ̀, àwọn kan gbà á nígbà tí àjàkálẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn jẹ́ 22. Àwọn mẹ́fà tó kù kọ̀ jálẹ̀. Nínú àwọn 22, ẹnì kan ló kó àrùn náà, kò sì le lára rẹ̀. Nínú àwọn mẹ́fà, márùn-ún ló kó o, ọ̀kan sì kú. Inú ilé kan náà ni gbogbo wọn wà, aláìsàn kan náà ni wọ́n ń tọ́jú. Mi ò mọ ìwádìí kan ní gbogbo ọ̀rúndún yẹn tó sọ̀rọ̀ lójú korokoro tó bẹ́ẹ̀.

Àìtó ilé ìwòsàn náà tún hàn. Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n kó àwọn oníṣọ̀pọ̀ná àti àwọn ọmọ tí scarlet fever, ibà kan tó ń ràn tó sì máa ń sọ ara di pípọ́n, ń bá jà sí, kò sì pẹ́ tí ṣọ̀pọ̀ná fi kọjá láti ọ̀dọ̀ tibí dé ọ̀dọ̀ tọ̀hún. Ọmọ tí òbí rẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ìlú pé kí wọ́n wo àrùn kan sàn lára rẹ̀ wá kó òmíràn tó burú jù ú lọ níbẹ̀. Nǹkan tó dunni ni. Àwọn ọmọ tí kò gba ìbupá ni ikú àjàkálẹ̀ yẹn sì pọ̀ sí jù. Ní 1900, ìlú ṣí ilé ìwòsàn tuntun fún àwọn àrùn tó ń ràn sí Groby Road, jìnnà díẹ̀ sí ibi ti àtẹ̀yìnwá.

Gloucester ló jẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí ohun tí ìkọ̀sílẹ̀ lásán máa ń fà. Ìlú yẹn náà ti jáwọ́ nínú fífi tipá bupá fún ọmọdé, ṣùgbọ́n kò ní òṣìṣẹ́ bíi ti Leicester, ilé ìwòsàn àdádó rẹ̀ kéré, kò sì sí ẹni tó ń tètè wá àwọn tó bá aláìsàn gbé rí. Ní 1896, ṣọ̀pọ̀ná wọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn tó mú jẹ́ 1,979, àwọn tó kú sì jẹ́ 434, nínú ìlú tí kò ju nǹkan bí 40,000 lọ. Púpọ̀ nínú òkú náà jẹ́ ọmọdé tí wọn kò bupá fún. Nígbà tí ẹ̀rù ba ìlú, àwọn tó ti ń takú tẹ́lẹ̀ gbé ọmọ wọn jáde, wọ́n bupá fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àjàkálẹ̀ náà sì rọlẹ̀. Leicester àti Gloucester jọ kọ ìbupá. Ètò tó wà nílẹ̀ ni kò dọ́gba.

Ikú mìíràn tí kò gba ariwo

Nígbà tí gbogbo ìjà yìí ń lọ, ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọ ìkókó Leicester ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń pa wọ́n ju bí ṣọ̀pọ̀ná ṣe ń pa wọ́n lọ. Wọ́n mọ ìlú náà mọ́ ọn káàkiri England. Odò Soar máa ń kún wọ àwọn àdúgbò tó rẹlẹ̀, ìdọ̀tí inú kòtò á sì padà wọ àgbàlá àwọn èèyàn. Ilé ìyàgbẹ́ oníkòròbá ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò. Kò sí ẹni tó gbé àsíá nítorí èyí, kò sì sí ẹni tó lọ sẹ́wọ̀n. Síbẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú náwó sí i: wọ́n la kòtò ìdọ̀tí tuntun, wọ́n kọ́ Abbey Pumping Station tí wọ́n ṣí ní 1891, ẹ̀rọ ńlá mẹ́rin tí ilé iṣẹ́ Gimson ti ìlú náà fúnra rẹ̀ ṣe ló sì ń fi agbára ooru omi tó ń hó fa ìdọ̀tí lọ sí oko kan ní Beaumont Leys. Àwọn ẹ̀rọ náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní nínú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ó wù mí kí àwọn tó ń dárúkọ Leicester nítorí ìbupá máa dárúkọ kòtò yìí pẹ̀lú.

Ìdájọ́ àti ohun tó tẹ̀ lé e

Láti 1889 ni ìgbìmọ̀ ìwádìí kan tí Lord Herschell jẹ́ alága rẹ̀ ti ń gbọ́ ẹjọ́ ìbupá láti ẹnu àwọn dókítà, àwọn òbí àti àwọn aṣáájú ẹgbẹ́. Ọdún méje gbáko ni wọ́n fi jókòó. Ìjábọ̀ tí wọ́n gbé jáde ní 1896 sọ pé ìbupá ń dáàbò boni lóòótọ́, pé àbò náà máa ń rọ̀ bí àkókò ti ń lọ, pé ìyàsọ́tọ̀ bíi ti Leicester wúlò gan-an ṣùgbọ́n kò tó láti rọ́pò ìbupá, àti pé kí wọ́n yé fìyà jẹ òbí léraléra. Òfin 1898 tẹ̀ lé ìmọ̀ràn wọn: òbí tó bá lè fi dá adájọ́ lójú pé ọkàn òun kò gbà á lè gba ìwé ìdásílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Òfin kan náà ló fòpin sí gbígbé oje láti apá ọmọ kan sí òmíràn, oje tí wọ́n mú lára ọmọ màlúù sì dípò rẹ̀. Ká ní wọ́n ti ṣe àtúnṣe méjèèjì yìí ní ogún ọdún ṣáájú, ó dá mi lójú pé ìkọ̀sílẹ̀ Leicester kò ní le tó bí ó ti le.

Dókítà Charles Killick Millard di dókítà ètò ìlera Leicester ní 1901. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nínú. Ó gbà pé ìbupá lágbára, ó ń rọ àwọn tó bá aláìsàn gbé pé kí wọ́n gbà á kíákíá, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá bupá fún láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí àrùn kàn án lè bọ́. Síbẹ̀, kò rí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ fi tipá bupá fún gbogbo ọmọ ìkókó. Ṣọ̀pọ̀ná tún padà wọ Leicester ní 1903 àti 1904, ó mú ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, ṣùgbọ́n àwọn tó pa kò pọ̀. Ọ̀nà Millard, èyí tó yí aláìsàn ká pẹ̀lú àwọn tó ti gba ìbupá, ni Leicester mú dání láti ìgbà náà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá láyé ìgbà náà, Dókítà Ògúntọ́lá Sápará, tó ti kàwé ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì padà sí Èkó ní nǹkan bí ọdún 1896, ń bá ṣọ̀pọ̀ná jà ní tirẹ̀. Ẹrù ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá pa ni Leicester ń sun. Lọ́dọ̀ wa, àwọn àwòrò òrìṣà Ṣọ̀pọ̀ná ló ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ, aṣọ tó sì jáde nílé òkú lè gbé àrùn dé ilé alààyè. Sápará wọ inú ẹgbẹ́ àwọn àwòrò náà láti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ìjọba amúnisìn sì padà fi òfin de ìjọsìn náà.

Ní oṣù kejìlá ọdún 1966, ṣọ̀pọ̀ná bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ogoja, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. William Foege, dókítà ará Amẹ́ríkà tó wà níbẹ̀, kò ní oògùn ìbupá tó tó gbogbo èèyàn. Ó bá àwọn ajíhìnrere tó ní rédíò sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n rán èèyàn lọ sí gbogbo abúlé láti wo ibi tí aláìsàn wà, ó sì lo ìwọ̀nba oògùn ọwọ́ rẹ̀ fún kìkì àwọn tó yí àwọn aláìsàn náà ká. Àjàkálẹ̀ náà dúró kí wọ́n tó bupá fún ìdajì àwọn ará agbègbè náà. Ọ̀nà yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé padà gbé lárugẹ, tí wọ́n fi lé ṣọ̀pọ̀ná láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ní Nàìjíríà, 1970 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tí ó mú.